Ìgbésẹ̀ Mẹ́wàá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí gùn díẹ̀, ẹ wá ibì kan jókòó sí, kí ẹ bá wa kà á dé ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ìwàásù o. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kò yẹ lẹ́nu pásítọ̀, kó forí jì wá, kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá ni, lórí pápá ilé ìwé kan ní Ìbàdàn níbí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti máa ń gbá ìdíje ọdọọdún. Àwa mẹ́ta la máa ń bá wọn fọn fèrè: pásítọ̀ kan, tíṣà kan, àti mẹkáníìkì kan. Tí ọ̀kan bá di fèrè mú, àwọn méjì yòókù á mú àsíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Nítorí náà, tí ẹ bá ń gbọ́ “a ṣe báyìí, a ṣe bọ́ọ̀hún” nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má bi wá pé ta gan-an ni fèrè wà lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la wà níbẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rí i, kò sì sẹ́ni tó gbé àsíá sókè nínú wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òfin náà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pariwo níbi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ni kò mọ̀ ọ́n tán. Tí rẹfirí bá fún ẹgbẹ́ kan ní fíríkíìkì, gbogbo ẹgbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ jìnnà sí bọ́ọ̀lù, ó kéré tán mítà 9.15, ìyẹn yáàdì mẹ́wàá, títí bọ́ọ̀lù á fi kúrò lójú kan. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti lè sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ni orí ìlà góòlù tiwọn, láàárín òpó méjèèjì. Láyé àtijọ́, yáàdì mẹ́fà ni. Ọdún 1913 ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá. Ẹ wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Òfin kò sọ pé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lọ máa bẹ̀bẹ̀ fún yáàdì mẹ́wàá rẹ̀. Kò sọ pé kí rẹfirí máa pàrọwà fún ẹni tó ṣẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ ló yẹ kó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò níbẹ̀ fúnra ẹ̀. Tí kò bá kúrò, káàdì yẹ́lò ni. Ó wà nínú òfin kejìlá gbangba. Tí wọ́n bá sì gbá a nígbà tó ṣì wà nítòsí, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un gbá, àfi tí ẹgbẹ́ tó gbá a bá ti rí àǹfààní tirẹ̀ nínú ẹ̀.

Ìwé òfin nìyẹn. Ẹ wá wo orí pápá. Bí fèrè bá ti dún báyìí, ẹnì kan á ti dúró síwájú bọ́ọ̀lù, á ṣe bíi pé okùn bàtà lòun ń so. Ẹlòmíì á gbé bọ́ọ̀lù dání bíi pé òun fẹ́ bá yín gbé e wá, á wá jù ú sí ibi tí kò séèyàn. Ẹlòmíì á kọjú sí rẹfirí, á máa bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀ ló fi dí bọ́ọ̀lù mọ́ ibẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni gbogbo wọn ń wá, kí àwọn yòókù lè sáré padà sílé.

Ìdí tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yẹn fi ṣe pàtàkì nìyí. Ẹni tó fẹ́ gbá fíríkíìkì ní ọ̀nà méjì. Ó lè gbá a kíákíá láì dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá wá bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹnì kan tó wà nítòsí, eré á máa lọ, torí òun ló yàn án bẹ́ẹ̀. Tàbí kó ní kí rẹfirí wọn yáàdì mẹ́wàá fóun. Rẹfirí á na ìka sí fèrè, ó di kí fèrè dún kó tó gbá a. Ẹ̀yin ará Arsenal á rántí ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2004, ní Highbury. Rẹfirí Graham Poll bi Thierry Henry bóyá kíákíá ló fẹ́ àbí fèrè. Henry ní kíákíá. Petr Čech aṣọ́lé Chelsea ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó ń to ògiri ẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n pariwo títí, góòlù ni. Méjì sí méjì ni wọ́n parí ẹ̀. (Ẹ̀yin Chelsea, ẹ má bínú, ó ti lé ní ogún ọdún.)

Ẹni tó bá wá lọ dúró síwájú bọ́ọ̀lù, ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn ló dí. Kò sí kíákíá mọ́. Ó ku kí wọ́n máa ké pe rẹfirí, kí rẹfirí máa ka ìgbésẹ̀, kí ó tó kà á tán, ilé ti kún. Ẹni tó gbá èèyàn lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti tún jèrè lẹ́ẹ̀kejì. Àwa rẹfirí tí a ń ka ìgbésẹ̀ lọ pẹ̀lú ìgbéraga, tí a ń nawọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, à ń rò pé òfin là ń mú ṣẹ, àṣé ẹni tó rú u là ń bá ṣiṣẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé oṣù Kejìlá.

Ìpele tó kángun sí àṣekágbá ni. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa pàdé ẹgbẹ́ kan tó wá láti òdìkejì odò. Ẹni tó wọ jẹ́sì nọ́mbà mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ tiwa, ọmọ wa ni. Òun ló ń lu ìlù fún wa ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ọmọ dáadáa ni, kì í fi ìkà gbá èèyàn. Ṣùgbọ́n tí fíríkíìkì bá ti ṣẹlẹ̀, òun lẹ máa kọ́kọ́ rí níwájú bọ́ọ̀lù. Ìgbà àkọ́kọ́, a ní, “Nọ́mbà fọ́ọ̀, sún sẹ́yìn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dádì, ẹ má bínú,” ó sún ìgbésẹ̀ méjì. Ìgbà kejì, bákan náà. Ìgbà kẹta, a ka ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, a to ògiri wọn síbẹ̀. Bí a ṣe kọ ẹ̀yìn sí wọn báyìí, ògiri ti ń rìn. Ṣé ẹ ti rí ògiri tó ń rìn rí? Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ́ ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi òru wú pèrègún orí ààlà oko, tó ń tún un gbìn sí inú oko ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, òun gan-an lá máa bi yín pé kí ló dé tí oko yín kéré. A rí i. A tún ní, “Ẹ sún sẹ́yìn o.” A ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ẹgbẹ́ wa ń fi góòlù kan sí òdo borí. Fíríkíìkì ṣẹlẹ̀ lẹ́nu bọ́ọ̀kìsì wa. Ọmọ tínínrín kan tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù ló fẹ́ gbá a, èyí tó ti gbá irú ẹ̀ lu òpó kí wọ́n tó lọ sinmi. Gbogbo pápá dákẹ́. A ka mẹ́wàá. A na ìka sí fèrè. A fọn ọ́n. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn kò tíì dé ara bọ́ọ̀lù tí nọ́mbà mẹ́rin ti fò jáde kúrò nínú ògiri. Nígbà tó máa gbá a, kò tó ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí i. Bọ́ọ̀lù lu àyà nọ́mbà mẹ́rin, ó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì yíjú sí wa. Kò pariwo, kò gbọ́wọ́ sókè. Ó kàn ń wò wá, ó ń retí.

Àwa nawọ́ pé kí wọ́n jù ú wọlé, kí eré máa lọ.

Tí ẹ bá bi wá pé kí ló dé, a ní ìdáhùn mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan ò sì dára nínú wọn. Àkókò ti lọ. Ọmọ náà fi àyà ẹ̀ gbà á, ó láyà. Àwọn èrò ti ń jó, ta ló fẹ́ dá ayọ̀ wọn dúró? Ìkẹrin la ò sọ síta: ilé wa ló ń borí.

Lẹ́yìn tí fèrè ìparí dún, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì wá bá wa níbi tí a ti ń mu omi. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní, “Ẹ̀yin sà, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tí ẹ kà yẹn, ta lẹ kà á fún?” Kóòṣì wọn, bàbá àgbàlagbà kan, fà á lọ́wọ́, ó bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó di ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ipò kẹta, wọn ò wá. Wọ́n ní kò sí owó ọkọ̀. Òdìkejì odò, ẹ̀yin èèyàn wa! Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá nígbà tó kọjá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tíṣà inú wa fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀pọ̀ yín ti wò ó rí, ẹ sì ti fi rẹ́rìn-ín. Ife Àgbáyé ọdún 1974 ni, ní Gelsenkirchen ní Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì, ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà. Bràsíl àti Zaire, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Kóńgò lónìí. Zaire ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ àwa adúláwọ̀ ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà tó dé ibẹ̀. Bràsíl gba fíríkíìkì, wọ́n to bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ògiri Zaire wà ní ipò ẹ̀. Lójijì, Mwepu Ilunga, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dí ẹ̀yìn, ya jáde nínú ògiri, ó sáré tete, ó sì gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Bràsíl jìnnà réré. Àwọn ará Bràsíl ò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òyìnbó fi ń sọ pé ẹ wo àwọn ará Áfíríkà, wọn ò mọ òfin.

Ó mọ̀ ọ́n. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tó yá. Scotland ti lù wọ́n ní méjì sí òdo, Yugoslavia sì ti fi góòlù mẹ́sàn-án sí òdo lù wọ́n. Wọn ò san owó wọn fún wọn. Ó ní àwọn èèyàn Ààrẹ Mobutu wá kìlọ̀ fáwọn pé tí Bràsíl bá fi góòlù mẹ́rin lu àwọn, káwọn má wulẹ̀ padà wálé. Ìbínú àti ìbẹ̀rù ló gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta sí òdo ló parí sí.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn mú wa lọ́kàn gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí tíṣà fẹ́ ká wò kì í ṣe Mwepu. Rẹfirí ló fẹ́ ká wò. Nicolae Rainea, ará Ròmáníà. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì pàrọwà. Ó rìn lọ bá a, ó fa káàdì yẹ́lò yọ, ó dá bọ́ọ̀lù padà sí ojú ibi tó wà. Ìwọ̀n tí ẹ̀ṣẹ̀ náà tọ́ sí nìyẹn: kò lé e jáde, kò sì gbójú fò ó. Kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọkùnrin yẹn, kò sí bó ṣe lè mọ̀ ọ́n. Àwa mọ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn nọ́mbà mẹ́rin, a mọ màmá ẹ̀, a mọ bí ó ṣe ń lu ìlù. Ohun tí a mọ̀ yẹn gan-an ló bà wá jẹ́.

Àwọn àgbà bọ́ọ̀lù náà ti gbìyànjú oríṣiríṣi. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti nǹkan bí ọdún 2000, rẹfirí lè gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì mẹ́wàá sí i tí àwọn tó ń dí ẹ̀yìn bá kọ̀ láti sún. A fẹ́ràn ìyẹn gan-an nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó dà bíi kí wọ́n wú pèrègún yẹn, kí wọ́n gbìn ín sínú oko olè. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá sún mọ́ ilé jù, ó tún máa ń ṣòro láti gbá kọjá lórí ògiri. Ní 2005 wọ́n pa á tì. Fọ́ọ̀mù funfun inú agolo ló wá tẹ̀ lé e, èyí tí rẹfirí máa ń fi fa ìlà síwájú ògiri, tó máa ń pòórá. Heine Allemagne, ará Bràsíl, ló gbé e jáde. Wọ́n ti ń lò ó lọ́hùn-ún láti ọdún 2000. IFAB tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù fọwọ́ sí i ní 2012, gbogbo ayé sì rí i ní Ife Àgbáyé 2014. Ó dára. Ògiri ò rìn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ò lè ṣe nǹkan kan sí ẹni tó kọ́kọ́ lọ dúró síwájú bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó fa ìlà rárá. Káàdì nìkan ló wà fún ìyẹn, káàdì sì ni èèyàn kì í fẹ́ rí. Ẹ rántí ariwo tó sọ ní 31 oṣù Kẹjọ 2024, nígbà tí Declan Rice fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù díẹ̀ báyìí kí ará Brighton tó gbá fíríkíìkì ẹ̀, tí ó sì gba yẹ́lò kejì, tó jáde. Àwa náà wà lára àwọn tó ní rẹfirí yẹn le jù. Lónìí, a ti mú ọ̀rọ̀ wa padà.

A ò lówó fọ́ọ̀mù. Eérú la bù nídìí ààrò ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu géètì ilé ìwé, a rọ ọ́ sínú ọ̀rá omi, a gé ẹnu ẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń fa ìlà dáadáa, àfi tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kan, a pe kápùtẹ́nì méjèèjì, a ní: lónìí, a ò ní sọ pé “sún sẹ́yìn” fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dúró síwájú bọ́ọ̀lù, á gba káàdì. Ẹni tó bá kọjá eérú, á gba káàdì. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́jú kẹfà, nọ́mbà mẹ́rin dúró síwájú bọ́ọ̀lù. “Dádì, ẹ má—” Yẹ́lò. Ó ya ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sinmi tán, ó fò jáde kúrò nínú ògiri bó ṣe máa ń ṣe, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ funfun fún eérú. Yẹ́lò kejì. Jáde. Màmá ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́jọ́ yẹn. A ò ní kọ ohun tí wọ́n sọ sí wa síbí.

Ọjọ́ Àìkú méjì ni a kọrin láìsí ìlù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a lọ sílé wọn. A rò pé a ó bá a nínú ìbínú. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ bàtà bọ́ọ̀lù ẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ó gbé àga fún wa. Nígbà tó yá, ó ní, “Dádì, ọdún kan gbáko lẹ fi ń sọ pé kí n sún sẹ́yìn, tí n ò sì sún, tí kò sì sí nǹkan kan. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyẹn.” A ò rí èsì fọ̀. Ìyà oṣù Kejìlá tó tọ́ sí wa, òun la fi jẹ lọ́jọ́ Àjíǹde, níwájú ìyá ẹ̀. A bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa la bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe nítorí káàdì o, nítorí gbogbo ìgbà tí a ò fún un. Ó ti ń lu ìlù padà. Lórí pápá, ó ti ń jìnnà sí bọ́ọ̀lù, ó kàn máa ń wo ilẹ̀ wá eérú lákọ̀ọ́kọ́.

Ó wá ku àwọn ará òdìkejì odò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn lọ bá kóòṣì wọn nílé. A dọ̀bálẹ̀, tíṣà ló sọ̀rọ̀. A ní, bàbá, fíríkíìkì tó kẹ́yìn yẹn, ó yẹ ká tún un gbá, ó sì yẹ ká fún ọmọ wa ní káàdì, a rí i, a ò ṣe é. Bàbá dákẹ́ títí. Wọ́n pe ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì jáde láti inú ilé. Àṣé ọmọ-ọmọ wọn ni, a ò mọ̀. Wọ́n ní ká tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un. A tún un sọ. Ọmọ náà ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó padà wọlé.

A wá béèrè bóyá wọ́n á wá ní oṣù Kejìlá yìí. Bàbá ní àwọn á wá. Wọ́n ní kí eérú pọ̀ dáadáa o. Wọ́n wá wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òkè délẹ̀, ojú wọn dúró lára mẹkáníìkì, tó kúrú jù nínú wa, wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí èyí ka ìgbésẹ̀ mẹ́wàá fún wa.”